Owó fúlóráìdì lọ́dọ̀ dókítà eyín: ta ni kó san án, ta ni kó fi í sílẹ̀?

Akin_Baltimore

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ eyín ni mo gbé wá. Èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa lọ fọ eyín lọ́dọ̀ dókítà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tí obìnrin tó ń fọ eyín parí, ó ní òun á kun fúlóráìdì, èròjà tó ń dáàbò bo eyín, sí i fún gbogbo wa, a sì gbà. Ìwé owó dé lánàá. Ìnṣọ́ránsì san ti àwọn ọmọ tán pátápátá, ṣùgbọ́n kò san kọ́bọ̀ nínú ti àgbà: dọ́là 42 lórí èmi, dọ́là 42 lórí ìyàwó mi. Ẹ̀ẹ̀mejì là ń lọ lọ́dún, ẹ ṣírò rẹ̀ wò.

Ó ti pẹ́ gan-an tí eyín mi ti dá ihò kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ìyàwó mi yàtọ̀. Láàárín ọdún méjì sí àsìkò yìí ni wọ́n ti bá a dí eyín, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lò sì ń mú kí ẹnu rẹ̀ gbẹ fúrúfúrú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó yẹ ká máa san owó yìí? Àwọn ọmọ ńkọ́? Fúlóráìdì wà nínú omi ẹ̀rọ wa, ó wà nínú ọṣẹ ìfọyín, wọ́n tún wá ń kun òmíràn sí i. Ṣé kò ti pọ̀ jù?

Nọ́ọ̀sìEyín_Manchester

Bọ̀ọ̀dá Akin, ẹ kú ìnáwó. Ilé ìwòsàn eyín ni mo ti ń jẹun, kíkun nǹkan yìí sí eyín àwọn ọmọdé sì wà lára iṣẹ́ mi. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó ti máa yé wa.

Kòkòrò tíntìntín tó wà lẹ́nu gbogbo wa máa ń jẹ ṣúgà, ó sì ń sọ ọ́ di ásíìdì. Ásíìdì yẹn ló ń yọ èròjà líle kúrò lára eyín. Itọ́ ẹnu wa ló ń dá èròjà náà padà. Bẹ́ẹ̀ ni eyín ṣe ń pàdánù tó sì ń rí gbà padà lójoojúmọ́. Ibi tí àdánù bá ti borí ni ihò ti ń bẹ̀rẹ̀. Fúlóráìdì ń jẹ́ kí èròjà tètè padà sára eyín, ibi tó bá sì ti padà pẹ̀lú rẹ̀ máa ń le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, apá ásíìdì kì í tètè ká a mọ́. Ara eyín níta níbẹ̀ ló ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe nínú ikùn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ fún yín pé kẹ́ ẹ tu ọṣẹ ìfọyín dànù, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má fi omi ṣan ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣàn án, ẹ ti da oògùn nù.

Fánísì fúlóráìdì ni wọ́n ń pe èyí tí wọ́n kùn fún yín. Ọṣẹ ìfọyín àgbàlagbà sábà máa ń ní ppm 1,350 sí 1,500, ìyẹn iye ìdá fúlóráìdì nínú mílíọ̀nù kan. Fánísì ní 22,600. Ó pọ̀ létí, ṣùgbọ́n ẹ̀kán díẹ̀ là ń lò, ara eyín ló sì ń lẹ̀ mọ́. A ó fi òwú nu itọ́ kúrò, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì tíńtín kùn ún yí eyín ká, bí itọ́ bá ti kàn án, ó ti gan mọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ìrora. Eyín ọmọ lè rí pupa rúsúrúsú títí di ọjọ́ kejì, àwọn ìyá kan á sì pè wá lálẹ́ pé a ti ba eyín ọmọ àwọn jẹ́. Ẹ fọkàn balẹ̀. Tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, á funfun padà. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kùn ún, ẹ má fọ eyín. Fún bíi wákàtí 4, ẹ má jẹ ohun líle, ẹ má mu ohun gbígbóná. Ẹ̀pà àti chin-chin kò yẹ. Ẹ̀kọ tútù tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ dára.

Ní England, ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú eyín NHS, ètò ìlera ìjọba, fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 18, fún aláboyún, àti fún ìyálọ́mọ tí ọmọ rẹ̀ kò tí ì pé ọdún kan. Láti ọmọ ọdún 3, ìlànà ni pé ká máa kun fánísì fún un lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Àgbàlagbà tí dókítà bá rí i pé ó nílò rẹ̀, inú Band 1, ìpele owó NHS tó kéré jù, ni ó bọ́ sí: £27.40 ni wọ́n fi í sí ní oṣù kẹrin ọdún 2025, àyẹ̀wò eyín wà nínú rẹ̀. Ní Scotland, wọ́n máa ń gbé e lọ bá àwọn ọmọ níléèwé lábẹ́ ètò Childsmile. Ìnira tiwa níhìn-ín ni rírí dókítà NHS tó ń gba ènìyàn tuntun. Tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ má jẹ́ kí orúkọ àwọn ọmọ kúrò nínú ìwé wọn. Ẹ máa mú wọn lọ bí ọjọ́ bá pé.

DókítàEyín_Ìbàdàn

Àǹtí nọ́ọ̀sì ti là á mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ n bọ́ sí ọ̀rọ̀ owó.

Bọ̀ọ̀dá Akin, ẹnu yín yàtọ̀ sí ẹnu ìyàwó yín, ìdáhùn méjì ló sì tọ́ sí yín. Àkójọ ìwádìí ti ọdún 2013 láti ọwọ́ Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ, tí wọ́n ṣe lórí àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́, fi hàn pé fánísì fúlóráìdì dín eyín jíjẹrà kù ní nǹkan bí ìdá 43 nínú 100 fún eyín àgbà, àti ìdá 37 nínú 100 fún eyín ọmọdé. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Àmọ́ ká bi ara wa: ìdá 43 nínú kí ni? Ọmọ tí ihò tuntun ń yọ lẹ́nu rẹ̀ lọ́dọọdún á rí èrè rẹ̀ kíákíá. Ẹni tí eyín rẹ̀ kò jẹrà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó ń fọ eyín láàárọ̀ lálẹ́ pẹ̀lú ọṣẹ tó ní fúlóráìdì, kí ni fánísì fẹ́ bá a dín kù? Ẹgbẹ́ àwọn dókítà eyín Amẹ́ríkà, ADA, kọ ọ́ sínú ìlànà wọn lọ́dún 2013 pé ẹni tí ewu eyín jíjẹrà kò pọ̀ lára rẹ̀ lè má nílò ju ọṣẹ ìfọyín àti omi tó ní fúlóráìdì lọ. Nítorí náà, bí gbogbo nǹkan bá ṣe rí bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́ yìí, ẹ lè sọ fún wọn pé ẹ ò ṣe. Ẹ ò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ti ìyàwó yín, mo rọ̀ yín kẹ́ ẹ san án. Itọ́ ni ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ eyín. Ẹnu tó bá gbẹ ti pàdánù ẹni tó ń dá èròjà padà sára eyín rẹ̀, dídí tí wọ́n sì ti dí eyín rẹ̀ láìpẹ́ yìí ti sọ fún wa pé àdánù ń borí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí wọ́n máa kùn ún fún láàárín oṣù 3 sí 6. Kó tún bi dókítà léèrè nípa ọṣẹ ìfọyín ppm 5,000, èyí tí wọ́n ń kọ sínú ìwé oògùn. Ojoojúmọ́ lèèyàn ń lo ìyẹn, ó sì wúlò gan-an fún gbòǹgbò eyín tí èrìgì ti fà sókè kúrò lórí rẹ̀. Kó sì sọ fún dókítà tó kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún un pé ẹnu òun ń gbẹ. Òògùn mìíràn lè wà. Kó má kàn dá oògùn dúró fúnra rẹ̀ o.

Àwọn àgbàlagbà mìíràn tí mo lè gbà nímọ̀ràn láti san án ni ẹni tó wọ wáyà eyín, ẹni tí wọ́n ti fi iná ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ ní orí tàbí ọrùn rẹ̀, àti arúgbó tí gbòǹgbò eyín rẹ̀ ti hàn síta. Owó ihò kan ṣoṣo ní Amẹ́ríkà ju owó fánísì ọdún kan lọ fún irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀, ká má tíì sọ root canal, ìtọ́jú inú gbòǹgbò eyín.

ÌyáÌbejì_Houston

Bọ̀ọ̀dá Akin, mo ń ṣe iṣẹ́ ìwé owó ní ilé ìwòsàn, ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un. Kí ìyàwó yín tó jókòó sórí àga nígbà mìíràn, kó pe ìnṣọ́ránsì. Kó bi wọ́n nípa D1206, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń kọ owó fánísì nìyẹn. Kó bi wọ́n pé ọjọ́ orí wo ni wọ́n ń san án dé, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́dún, àti pé ṣé wọ́n ń san fún àgbàlagbà tí dókítà bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ewu wà lára eyín rẹ̀. Àwọn kan ń san án bí ìwé yẹn bá wà. Bí wọ́n bá ní àwọn ò san, kó bi ọ́fíìsì dókítà pé èló ni fún ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ san. Owó yẹn kì í dọ́gba káàkiri.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ wẹ́wẹ́ ní Amẹ́ríkà, ẹ gbọ́ o: kò dìgbà tẹ́ ẹ bá rí dókítà eyín. Dókítà ọmọdé tó ń fún wọn lábẹ́rẹ́ àjẹsára lè kùn ún. Láti ọdún 2014 ni USPSTF, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ lórí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, ti ní kí wọ́n máa kùn ún fún gbogbo ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 5, láti ìgbà tí eyín àkọ́kọ́ bá ti yọ, wọ́n sì tún un sọ lọ́dún 2021. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ jù lọ ìnṣọ́ránsì gbọ́dọ̀ san án láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Medicaid, ìnṣọ́ránsì ìjọba fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀, náà ń san án. Àwọn dókítà kan kì í rántí, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ béèrè. Mo ti rí òbí tó sanwó nígbà tí kò yẹ kó san, inú mi kì í dùn sí i rárá.

MàmáÒgbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín o. Orín àtà àti orín ìjẹ̀bú la fi fọ eyín dàgbà, eyín mi ṣì wà lẹ́nu mi tí mo fi ń jẹ àgbàdo sísun. Ṣé ẹ ò rò pé orín tó fún àwọn ọmọ yìí?

DókítàEyín_Ìbàdàn

Màmá, ẹ kú ewu ọjọ́ mà. Orín dára, mi ò ní bá a jà láé. Bí wọ́n bá rún un dáadáa, tí wọ́n fi dé gbogbo kọ̀rọ̀, ó ń yọ ìdọ̀tí, oje rẹ̀ sì ń bá kòkòrò ẹnu jà. Ohun tí kò ṣe ni pé kò fi fúlóráìdì sílẹ̀ lára eyín bí ọṣẹ ṣe ń fi sílẹ̀. Nígbà tiyín, ẹ ò jẹ suwíìtì láàárọ̀, kẹ́ ẹ mu mọ́ọ̀tì lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ tún fi ife Milo sun lálẹ́. Ẹnu àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í sinmi. Bí ṣúgà bá ti wọlé ni ásíìdì ń jáde, itọ́ sì nílò àkókò kó tó tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Ẹni tó bá mu mọ́ọ̀tì kan tán lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn oúnjẹ fi eyín rẹ̀ sínú ewu tó kéré ju ẹni tó ń mu ún díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rún orín láàárọ̀, mà, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ kún un. Lálẹ́, ọṣẹ ni.

MàmáÒgbómọ̀ṣọ́

O ṣeun, ọmọ mi. Kójú má ríbi, gbogbo ara loògùn rẹ̀. Màá sọ fún ìyá wọn.

ÌyáFaruq_Peckham

Ẹ sálámù o. Wọ́n fi fọ́ọ̀mù fánísì ránṣẹ́ sílé láti iléèwé ọmọ mi. Ẹnìkan sọ fún mi pé ọtí wà nínú rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Ọmọ náà tún ní ikọ́ fée.

Nọ́ọ̀sìEyín_Manchester

Àǹtí, òótọ́ ni. Duraphat, tí a ń lò jù níhìn-ín, ní ọtí díẹ̀ nínú, oje igi kan tí wọ́n ń pè ní colophony sì wà níbẹ̀ náà. Bí ti ọtí bá kan ẹ̀sìn yín, ẹ bi alfa yín, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Fánísì tí kò ní ọtí wà, àwọn tó ń kùn ún sì ti gbọ́ ìbéèrè yìí lọ́pọ̀ ìgbà. Kò ní yà wọ́n lẹ́nu.

Ti ikọ́ fée ni kẹ́ ẹ mú ní kókó. Bó bá ti gbé e débi tí wọ́n dá a dúró sí ọsibítù rí, tàbí bí báńdéèjì alẹ̀mọ́ra bá máa ń mú ara rẹ̀ wú tàbí yún, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sórí fọ́ọ̀mù, kẹ́ ẹ sì pè wọ́n. A kì í kùn ún fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà rí i. Bákan náà ni ọmọ tí èrìgì rẹ̀ bó tàbí tí egbò wà lẹ́nu rẹ̀: kí egbò jiná ná.

Tọ́pẹ́_Orlando

Ìpínlẹ̀ tiwa, Florida, ti fòfin dá fífi fúlóráìdì sínú omi dúró láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025. Utah ló ṣáájú wa. Àwọn ènìyàn níbí ń sọ pé ó ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ẹ̀rù ti bà mí débi pé mo ra ọṣẹ tí kò ní i fún ọmọ mi. Kí lẹ rí sí i?

DókítàEyín_Ìbàdàn

Tọ́pẹ́, ìbéèrè òbí tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ lo béèrè. Ohun tó bí ọ̀rọ̀ ọpọlọ ni ìwádìí lórí omi mímu. Lọ́dún 2024, àjọ NTP ti ìjọba Amẹ́ríkà kọ ọ́ pé ibi tí fúlóráìdì inú omi bá ti ju mílígíráàmù 1.5 nínú lítà kan lọ, òye àwọn ọmọ ibẹ̀ lápapọ̀ kéré díẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò nínú omi ẹ̀rọ Amẹ́ríkà jẹ́ 0.7, ìwé náà sì sọ pé ẹ̀rí kò tó láti sọ bóyá ìwọ̀n yẹn ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ohun tí ènìyàn ń gbé mì lójoojúmọ́ fún ọdún gbọọrọ nìyẹn. Ọṣẹ tí ọmọ ń tu dànù yàtọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kán fánísì tí wọ́n ń kùn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

Fúlóráìdì tó pọ̀ jù lè ṣe ìpalára lóòótọ́, àwa náà rí i nílé. Ní Langtang, ní ìpínlẹ̀ Plateau, omi inú ilẹ̀ ní i púpọ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, eyín àwọn tó mu ún láti kékeré sì máa ń ní àbàwọ́n bí àwọ̀ kòkó. Mímu ún lọ́pọ̀ nígbà tí eyín ṣì ń hù nínú èrìgì ló ń fa ìyẹn.

Nísinsìnyí tí kò ti sí nínú omi yín, ọṣẹ ìfọyín ló kù tó ń dáàbò bo eyín ọmọ rẹ lójoojúmọ́. Jọ̀ọ́, dá ọṣẹ tó ní i padà fún un, kó o sì gba fánísì tí wọ́n bá fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ìlú London náà kì í fi í sínú omi, Birmingham ló ti ń fi í sí i láti ọdún 1964.

ÌyáTiwa_Ìkòròdú

Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ ń sọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì. Àwa tá a wà nílé ńkọ́? Ọmọ mi pé ọdún 6, mo rí àmì funfun bí ẹfun lẹ́bàá èrìgì rẹ̀ lókè. Kí ni mo lè ṣe tí kò ní kó mi sí gbèsè?

DókítàEyín_Ìbàdàn

Ìyá Tiwa, ó dára tẹ́ ẹ rí i báyìí. Àmì funfun bẹ́ẹ̀, tí kò dán, lẹ́bàá èrìgì, sábà máa ń jẹ́ ibi tí èròjà ti ń sá kúrò lára eyín. Kò tíì dá ihò. Àsìkò tí fúlóráìdì lè dá a padà nìyí. Bó bá ti ya ihò, kò sí fánísì tó lè dí i.

Ẹ kọ́kọ́ wo páálí ọṣẹ tẹ́ ẹ ń lò. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "sodium fluoride" tàbí "sodium monofluorophosphate" sí, pẹ̀lú nọ́ńbà ppm. Kó má dín ní 1,000. Àwọn ọṣẹ alágbo kan tó gbajúmọ̀ lọ́jà wa kò ní i rárá, bẹ́ẹ̀ owó wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti èyí tó ní i. Èyí tó dà bí ẹ̀wà kan lórí búrọ́ọ̀ṣì tó fún un, láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ di búrọ́ọ̀ṣì mú. Ọmọ ọdún 6 kò tíì lè dá fọ ẹ̀yìn ẹnu rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn eyín ti ìjọba. LUTH wà ní Ìdí-Àràbà ní Èkó. UCH wà lọ́dọ̀ tiwa ní Ìbàdàn, OAUTHC sì wà ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹ béèrè owó fánísì àti owó káàdì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kẹ́ ẹ tó jókòó. Ní ọjọ́ orí yìí, eyín ńlá kan ń yọ lẹ́yìn gbogbo eyín yòókù láìjẹ́ pé eyín kankan kọ́kọ́ já. Ọ̀pọ̀ òbí ń rò pé eyín ọmọdé ni, wọ́n á ní á já tó bá yá. Kò ní já mọ́, eyín àgbà ni. Kòtò tóóró ló wà lórí rẹ̀, fánísì kì í sì fi bẹ́ẹ̀ dé ìsàlẹ̀ kòtò yẹn. Bí owó bá wà fún nǹkan kan sí i, ẹ ní kí wọ́n fi èròjà adíhò bo orí eyín náà. CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbógun ti àrùn, sọ pé ìbòrí yẹn ń dá ìdá 80 nínú 100 eyín jíjẹrà lórí eyín ẹ̀yìn dúró fún ọdún 2.

Bó bá jẹ́ pé ihò ti wà lára eyín ọmọdé, tí owó dídí ihò náà kò sì sí, ẹ bi wọ́n nípa silver diamine fluoride. Ẹ̀kán kan ni, ó sábà máa ń dá jíjẹrà dúró láìgbẹ́ eyín, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sì fi í sára oògùn kòṣeémánìí lọ́dún 2021. Ojú ibi tó jẹrà á dúdú bí èédú, kò sì ní ṣí kúrò. Kí wọ́n fi hàn yín kẹ́ ẹ tó gbà.

Akin_Baltimore

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin ará. Ìyàwó mi ti pe ìnṣọ́ránsì. Wọ́n ní bí dókítà bá kọ ìwé pé ẹnu rẹ̀ ń gbẹ, àwọn á tún ti tirẹ̀ gbé yẹ̀ wò. Màá dá tèmi dúró, màá sì fi owó yẹn kún ti ọṣẹ 5,000 tirẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù: àbúrò ìyàwó mi ní ọmọ ọdún 2 tó ń gbé ọṣẹ mì bí oúnjẹ. Ṣé kó dá a dúró?

Nọ́ọ̀sìEyín_Manchester

Kó má dá a dúró, bọ̀ọ̀dá. Kó dín in kù ni. Ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 3, èyí tó tó hóró ìrẹsì kan lórí búrọ́ọ̀ṣì ti tó. Bó bá gbé ìyẹn mì, kò léwu. Kó gbé e jókòó sórí ẹsẹ̀, kí ọmọ kẹ́yìn sí i, kó fi ọwọ́ kan gbé àgbọ̀n rẹ̀, kó sì fọ̀ ọ́ kíákíá. Lẹ́yìn náà, kó fi aṣọ nu ẹnu rẹ̀, kó má fún un lómi. Ọṣẹ náà ni kó gbé sókè níbi tí ọwọ́ ọmọ kò ní tó, nítorí àwọn tó ní adùn èso, bí ọmọ bá rí i, á fún un jẹ.